Jeanne Villepreux-Power: Aránṣọ Tó Kọ́kọ́ Gbé Òkun Sínú Gíláàsì



Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí ti kú láti ọdún 1871. Kò dé Èkó rí, kò sì gbọ́ orúkọ Ajah tàbí Lẹ́kì rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ wa rárá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń tọ́jú àpótí gíláàsì ńlá kan nínú ilé ẹnì kan lọ́nà Lẹ́kì. Omi iyọ̀ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹja aláràbarà àti iyùn tó wà láàyè. Ní oṣù Kẹta, nígbà tí ooru mú gan-an, iná lọ láti ọjọ́ Jímọ̀ títí di ọjọ́ Ajé. Epo jẹnẹrétọ̀ tán, àwọn onílé sì ti rìnrìn-àjò. Nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi débẹ̀, tẹmómítà inú omi ti fi 33 hàn. Iyùn ti funfun bí egungun, ẹja mẹ́rin sì ti léfòó. Wọ́n ní kó má wá síbẹ̀ mọ́.

Nínú kọ̀rọ̀pẹ́ tá a wọ̀ padà sílé, kò sọ̀rọ̀. Inú ń bí mi. Mo wá ń bi ara mi pé ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ ronú pé kí èèyàn máa kó ohun tó ń gbé inú òkun sínú gíláàsì. Ibi tí mo ti ń wá ìdáhùn ni mo ti pàdé obìnrin yìí.  Ẹni tí orúkọ Faransé bá ta kókó sí lẹ́nu lè máa pè é ní Ìyáàfin Power, kò sí wàhálà.

Wọ́n bí i ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1794, ní Juillac, ìlú kékeré kan ní ìgbèríko ilẹ̀ Faransé. Bàbá rẹ̀ ń ṣe bàtà, ìyá rẹ̀ ń ránṣọ, òun sì ni àkọ́bí wọn. Ọmọdé ló ṣì wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ó mọ ìwé kà, ó mọ̀ ọ́n kọ, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó máa rán ọmọ oníbàtà tó jẹ́ obìnrin lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga nígbà náà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kó lọ kọ́ sáyẹ́ǹsì.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún 18, ó gbéra láti lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Paris. Ẹsẹ̀ ló fi rìn. Ọ̀nà náà ju 400 kìlómítà lọ. Ẹ fojú inú wo ẹni tó fẹsẹ̀ rìn láti Ajah, tó kọjá Ìbàdàn, tó kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, tó dé Ìlọrin, tí ọ̀nà kò sì tíì tán. Ìbátan rẹ̀ kan tó yẹ kó dáàbò bò ó hùwà ìkà sí i lójú ọ̀nà, ó sì tún kó ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ lọ. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí kò bá ní ìwé kò lè máa rìn káàkiri bó ṣe wù ú. Ó ní láti dúró kí wọ́n fún un ní òmíràn. Ìgbà tó máa fi dé Paris, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sípò iṣẹ́ tó tìtorí rẹ̀ rìn. Àbí ẹ rí nǹkan! Mo rò pé èmi ì bá ti padà sílé. Òun ò padà. Ó wá iṣẹ́ kékeré lọ́dọ̀ aránṣọ mìíràn, ó ń gán aṣọ, ó ń kọ́ṣẹ́.

Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. Ní 1816, ọmọbìnrin ọba kan láti ìhà gúúsù Ítálì, Caroline, fẹ́ ọmọ ọba nínú ìdílé ọba Faransé. Jeanne wà lára iṣẹ́ aṣọ ìgbéyàwó náà, aṣọ yìí ló sì sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n mọ̀. Àsìkò yìí ló pàdé James Power, oníṣòwò kan. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1818 ní Messina, ní erékùṣù Sicily, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbé fún ohun tó ju 20 ọdún lọ. Tó bá jẹ́ fíìmù ni, ibí ni wọn ì bá kọ ọ́ sí pé ó parí: aránṣọ rí olówó fẹ́. Ṣùgbọ́n aránṣọ yìí ò jókòó sílé kó máa ka owó.

Messina jẹ́ ìlú èbúté bí ọ̀dọ̀ tiwa ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì ṣe fẹ́ dà báyìí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Ọlọ́run ló gbẹ́ tiwọn. Ilẹ̀ yí omi ká bí akọ́rọ́, omi náà sì jìn fúnra rẹ̀. Tiwa, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìíní 2023, ẹ̀rọ ló gbẹ́ ọ̀nà omi ibẹ̀ kó tó jìn ní mítà 16 àtààbọ̀. Ojú omi Messina tún ní nǹkan kan tó ṣe pàtàkì fún ìtàn yìí. Ọ̀nà tóóró ló wà láàárín Sicily àti Ítálì, omi ń sáré gba ibẹ̀ lọ bọ̀, ó sì máa ń gbé omi tútù láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Nítorí náà, oríṣiríṣi ohun abẹ̀mí ló pọ̀ síbẹ̀, tó fi mọ́ iyùn pupa.

Ẹ jẹ́ kí n fi kékeré kún un. Iyùn tí àwọn ọba wa ń wọ̀, tí ìyàwó ń fi sọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, láti òkun Mẹditaréníà yẹn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá láyé àtijọ́. Àwọn Pọ́túgà wà lára àwọn tó ń kó o wá sí etíkun wa. Mo ti ń rò látijọ́ pé òkúta ni iyùn. Egungun ẹran òkun kékeré ni, ìbátan sì ni òun àti iyùn tó kú sínú àpótí ẹ̀gbọ́n mi.

Ìyáàfin Power bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri Sicily. Ó ń ṣa ewéko, labalábá, òkúta àti ìkarahun, ó ń yà wọ́n, ó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀. Kò ní olùkọ́, òun ló kọ́ ara rẹ̀. Ìwé méjì tó wá kọ nípa erékùṣù yẹn àtàwọn ẹran inú rẹ̀ jáde ní 1839 àti 1842. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé orúkọ rẹ̀ jáde ni ẹran omi kan tí wọ́n ń pè ní argonaut.

Ẹbí ọ́kítópọ́ọ̀sì ni argonaut. Apá mẹ́jọ ló ní, kò ní eegun kankan, ṣùgbọ́n abo rẹ̀ máa ń gbé inú ìkarahun funfun kan tó fẹ́lẹ́ bíi bébà. Ó ti ju 2000 ọdún lọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jiyàn lórí ìkarahun yìí. Láti ayé Aristotle ni wọ́n ti ń sọ pé ó máa ń na apá rẹ̀ méjì tó fẹ̀ sókè bí ìgbòkun, tí á máa fi tukọ̀ lójú omi. Àwọn míì ní olè ni. Wọ́n ní ara ẹran mìíràn ló ti jí ìkarahun náà, bí akàn kékeré tá a máa ń rí létí òkun ṣe máa ń kó wọnú ìkarahun ìgbín tó ti kú. Kí ló fà á tí wọn ò fi rí ìdáhùn? Òkú argonaut nìkan ni wọ́n ń wò, nínú ìgò ọtí líle, lórí tábìlì ní Paris àti London. Òkú ò lè sọ bóyá òun ló kọ́ ilé òun.

Ohun tí obìnrin yìí rò rọrùn, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe é bẹ́ẹ̀ rí: kí òun máa wo èyí tó wà láàyè, lójoojúmọ́, fún ìgbà pípẹ́. Ní 1832, ó ṣe àpótí oríṣi mẹ́ta. Àkọ́kọ́ jẹ́ gíláàsì, tó gbé sínú yàrá, tó ń da omi òkun sí, àwọn ẹran kéékèèké ló sì wà fún. Èyí ni wọ́n ń tọ́ka sí tí wọ́n bá ní òun ló ṣe aquarium àkọ́kọ́. Ìkejì jẹ́ gíláàsì náà, ṣùgbọ́n ó fi àgò bò ó níta, ó sì rì í sínú omi tí kò jìn létí èbúté. Ó lè fà á sókè kó wò ó, kó sì tún dá a padà. Ìkẹta jẹ́ àgò ńlá fún àwọn ẹran tó tóbi, tó fi ìdákọ̀ró dè mọ́lẹ̀ níbi tí omi ti jìn. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àwọn àgò náà.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí gan-an. Àpótí inú ilé ní ìṣòro kan tí òkun ò ní: omi inú rẹ̀ kéré. Oòrùn ọjọ́ kan ò lè mú òkun gbóná. Ṣùgbọ́n omi tí kò ju bókẹ́ẹ̀tì mélòó kan lọ, wákàtí díẹ̀ ti tó. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú rẹ̀ ń dín kù, ìgbà yẹn gan-an sì ni ara ẹja ń béèrè fún un jù. Ti iyùn tún wá burú jùyẹn lọ. Ewéko tín-ín-tín tí ojú lásán ò lè rí ló ń gbé inú ara iyùn inú àpótí. Òun ló ń bọ́ ọ, òun náà ló sì ń fún un ní àwọ̀. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kì í sábà fẹ́ kí omi kọjá 27 lórí tẹmómítà. Tó bá kọjá 30, tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, iyùn á lé ewéko náà jáde, á funfun, ebi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á.

Àwọn olówó máa ń ra chiller, ẹ̀rọ kan tó ń ṣiṣẹ́ bíi fíríìjì, tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó dáa, títí NEPA á fi mú iná. Kí wọ́n tó ra chiller síbẹ̀, fáànù kékeré ni ẹ̀gbọ́n mi gbé sétí àpótí náà kó máa fẹ́ ojú omi. Bí atẹ́gùn ṣe ń gbé omi lọ díẹ̀díẹ̀ ló ń gbé ooru lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí àmù ìyá àgbà ń ṣe náà nìyẹn: omi ń rin jáde lára amọ̀, atẹ́gùn ń gbé e lọ, omi inú àmù sì ń tutù láìsí iná. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í bá omi lọ. Tí omi bá dín kù, omi lásán ni kéèyàn fi kún un. Ẹni tó bá ń da omi iyọ̀ sí i, iyọ̀ á pọ̀ jù fún ẹja láìpẹ́. Ní Èkó tiwa, tí afẹ́fẹ́ bá ti rin gbingbin, fáànù ò lágbára mọ́, torí afẹ́fẹ́ tó ti kún fún omi ò lè gbé òmíràn. Èyí tó kù ni kéèyàn dé omi dídì pa sínú ike, kó máa jù ú sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má bàa mú omi tutù lójijì. Gbogbo ẹ̀, ó dìgbà tí ẹnì kan bá wà nílé.

Ẹ wá wo àgò tó wà nínú omi Messina. Kò nílò fáànù, kò nílò yìnyín. Omi tútù ń wọlé, omi ń jáde, tọ̀sán-tòru. Òkun gan-an ló ń ṣiṣẹ́ chiller. Dípò kí ó máa gbé omi wá sínú àpótí, àpótí ló gbé lọ sínú omi. Ó jọ bí àwọn apẹja Ègùn ṣe máa ń gún ẹ̀ka igi sínú ọ̀sà kí ẹja lè wá máa gbé ibẹ̀, kí wọ́n sì lè mọ ibi tí wọ́n wà. Nígbà tí mo rí èyí, ìbínú tí mo ń bá a bọ̀ láti inú kọ̀rọ̀pẹ́ rọlẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ pálọ̀ ló ń wá.

Ọdún púpọ̀ ló fi ń lọ wo àwọn argonaut rẹ̀. Ó fọ́ ìkarahun wọn díẹ̀, ó sì rí i pé ẹran náà fúnra rẹ̀ ló ń dí ojú ibi tó fọ́. Ó tọ́jú ẹyin wọn títí ó fi pa. Ó rí i pé àwọn ọmọ kì í ní ìkarahun nígbà tí wọ́n bá jáde, àti pé ìgbà tí wọ́n bá ń dàgbà ni wọ́n ń ṣe é. Apá méjì tó fẹ̀, tí wọ́n ní ìgbòkun ni, àwọn gan-an ló fi ń mọ ilé rẹ̀, tó sì fi ń dì í mú. Argonaut kì í ṣe olè. Àríyànjiyàn tó ju 2000 ọdún lọ, aránṣọ tí kò rí ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ ló bá wọn parí rẹ̀. Mo sì rò pé ọwọ́ tó ti mọ́ abẹ́rẹ́ wà lára ohun tó ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti gán aṣọ ìgbéyàwó rí á ní sùúrù fún ìkarahun tó fẹ́lẹ́ bíi bébà.

Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ní Catania gbà á wọlé, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà. Ní 1834, ọ̀jọ̀gbọ́n kan níbẹ̀, Carmelo Maravigna, kọ ọ́ jáde pé òun ló ni ọgbọ́n àpótí yìí. Ní 1839, Richard Owen, tí òkìkí rẹ̀ kàn ní London, gbé iṣẹ́ rẹ̀ síwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gbà o. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Paris ṣì takú pé olè ni ẹran náà.

Òun àti ọkọ rẹ̀ wá pinnu láti kúrò ní Sicily. Ọkọ̀ ojú omi tó kó púpọ̀ nínú ẹrù iṣẹ́ rẹ̀ rì. Àwòrán tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà, àkọsílẹ̀ ọdún gbọọrọ, ohun tó ṣà jọ káàkiri erékùṣù náà, òkun gbé e mì. Ó ṣì ń kọ̀wé lẹ́yìn náà, àmọ́ kò tún ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì. Mo rántí ojú ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ tá a rí àpótí yẹn.

Ó ń gbé Paris, ó ń gbé London, ayé sì ń lọ. Ní 1853, wọ́n ṣí ilé ẹja fún gbogbo èèyàn nínú ọgbà ẹranko London. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Philip Henry Gosse kọ ìwé tó sọ ọ̀rọ̀ náà, aquarium, di ohun tí gbogbo èèyàn ń pè. Kò pẹ́ tí olúkúlùkù fi fẹ́ ní tiẹ̀ ní pálọ̀. Ooru ẹ̀ẹ̀rùn sì bá wọn bó ṣe bá wa. Ẹni tó wá ọgbọ́n sí i ni William Alford Lloyd. Ní Crystal Palace ní London, lọ́dún 1871, abẹ́ ilẹ̀ ló gbẹ́ ibi ìkómi ńlá sí, níbi tó ṣókùnkùn tó sì tutù. Omi ibẹ̀ pọ̀ ju ti inú àwọn àpótí lókè lọ, pọ́ǹpù sì ń fà á lọ bọ̀ láìdúró. Bí omi bá pọ̀ lábẹ́, kò ní tètè gbóná lókè. Táǹkì kejì tí wọ́n máa ń fi pa mọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́ àpótí òde òní, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, ibi tí Ìyáàfin Power ti bẹ̀rẹ̀ náà ni Lloyd padà sí: ẹ wá omi púpọ̀, ẹ jẹ́ kó máa ṣàn.

Kò rí ti Crystal Palace. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Prussia yí Paris ká, ó padà sí Juillac níbi tí wọ́n bí i sí. Ibẹ̀ ló kú sí ní oṣù Kìíní 1871, ọmọ ọdún 76.

Ohun kan wà tí kò ní rò láyé rẹ̀. Òkun tó fọkàn tán láti mú àgò rẹ̀ tutù ti ń gbóná fúnra rẹ̀ báyìí. Ní oṣù Kẹrin 2024, àjọ NOAA ti Amẹ́ríkà kéde pé iyùn ti ń funfun káàkiri òkun ayé, ó sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kẹrin tí irú rẹ̀ máa ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo rí nínú àpótí lọ́jọ́ Ajé yẹn ni àwọn kan ń rí nínú òkun gidi, níbi tí kò sí ẹni tó máa gbé fáànù sí i.

Orúkọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ní 1997, wọ́n fi sọ ihò ńlá kan lórí Venus. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe físíìsì mọ̀ pé Venus ló gbóná jù nínú gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì. Ojú ilẹ̀ ibẹ̀ ju 450 lọ lórí tẹmómítà, kò sì sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn, ó ní chiller wo ni wọ́n fẹ́ gbé lọ síbẹ̀.